Oṣù kẹwàá 2024: Epo ti di ₦998, àwọn míì ń tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé kí ìjọba dá iye lé e ni, àbí ká fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà?

Onígbàjámọ̀_Agric · 7:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ epo yìí ni mo gbé wá, torí ó ti fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ni mo ní níbí ní Agric, Ìkòròdú, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí léèrè iná ìjọba. Ilé iṣẹ́ iná Egbin tó lè gbé 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde wà lọ́nà Ìjẹdẹ níbí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nawọ́ kàn án, síbẹ̀ bẹntiróòlù ni mo fi ń gẹ irun ọmọ aráyé.

Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí mo bá mú ₦1,000 jáde, lítà márùn-ún ni mò ń gbé wálé, ṣéńjì á tún kù. Oṣù tó kọjá ó di ₦855 lítà kan, mo ní kò burú. Ọjọ́rú tó kọjá yìí, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, wọ́n ní ó ti di ₦998, ìyẹn ní ilé epo NNPC o, tí ìlà ibẹ̀ sì gùn dé ibi tí ojú ò tó. Ilé epo tó wà nítòsí mi ń tà á ní ₦1,050. Mo fi ₦100 péré lé owó irun gígẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà mi wá ń wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìjọba ò lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tà á ju iye báyìí lọ? Tí wọ́n bá lè wá wó ṣọ́ọ̀bù èèyàn torí pé ó fi ẹsẹ̀ kan wọ ojú títì, kí ló dé tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ fún àwọn elépo?

Awakọ̀_Ìjẹdẹ · 7:31

Ẹ̀gbọ́n ẹ ti sọ ọ́ tán. Kí ìjọba dá iye lé e kíá, kí gbogbo wa sinmi. Èmi ń wa kórópe láti Gáréèjì lọ Ìjẹdẹ, èébú tí mo gbọ́ láti Ọjọ́rú, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ kànga epo. Ilé epo mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà mi yìí, iye mẹ́ta ni wọ́n kọ síta, bẹ́ẹ̀ táńkà tó ń já epo fún wọn, ibi kan náà ló ti ń bọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé epo tí wọ́n ti rà sínú ilẹ̀ ní iye àtijọ́, òru ni wọ́n yí iye ẹ̀ padà. Ilẹ̀ mọ́, ó ti di tuntun. Àmọ́ tí wọ́n bá ní ó ti wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù, àwọn ṣì ń ta èyí tí àwọn rà lọ́wọ́n ni. Ṣé ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọgbọ́n yẹn mọ̀ ọ́n rìn ni?

Ọmọ_Àgbádárìgì · 8:02

Ẹ má bínú sí mi o, mi ò sí lẹ́yìn yín lórí èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìkòròdú ẹ ò rí nǹkan tí iye tí ìjọba dá ṣe nílùú tiwa.

Nígbà tí epo wà ní ₦145, kpayo, epo fàyàwọ́, ni wọ́n ń tà létí títì láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Kùtọnu, nínú ìgò ràbàtà àti kẹ́ẹ̀gì, kpayo yẹn sì rèé, epo tiwa ni. Tó bá ti di alẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ìró ọ̀kadà tó di kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ mẹ́wàá sí ara, iná ṣíṣáná kan ló kù kí ẹni tó ń gùn ún di eérú. Àwọn tó ń gba orí omi lọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi àti méjì nínú wọn jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ torí ẹ̀, owó tí wọ́n ń rí lóru kan ju owó oṣù tíṣà wa lọ. Ta ló fẹ́ ka ìwé?

Àwa tí epo wà nílẹ̀ wa ńkọ́? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilé epo á ní ó ti tán. Nígbà tó wá di oṣù kọkànlá 2019, kọ́sítọ́ọ̀mù ní ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè ò gbọ́dọ̀ já epo mọ́. Ẹ wo bó ṣe bí ara ẹ̀: epo pọ́ọ́kú ló bí fàyàwọ́, fàyàwọ́ ló bí òfin yẹn, àwa tí a ò ṣe fàyàwọ́ rí la wá ń wọkọ̀ kiri wá epo tá a máa lò nílé.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ, 29 oṣù karùn-ún 2023, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kpayo fò sókè ní ìhà ọ̀hún. Ọjọ́ yẹn ni ó tó yé mi pé àwa la ti ń bá wọn san owó epo láti ọjọ́ yìí. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní kí ìjọba tún dá iye lé e, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa san ìyókù.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ · 8:20

Ẹ kú ìjókòó o. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Rífáínárì Dangote tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, 650,000 àgbá lójúmọ́, a lè sọ pé ẹ̀yìnkùlé wa ni, Ìbẹ́jú-Lẹ́kí lọ́hùn-ún. Ọjọ́ 15 oṣù tó kọjá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé bẹntiróòlù jáde níbẹ̀, ọkọ mi ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, ó ní epo máa ṣàn bí omi. Oṣù kan ò tíì pé, ó tún gun òkè. Táńkà ń tì wá bọ́ sínú gọ́tà lójú títì, èéfín ẹ̀ là ń fà símú, iye kan náà la sì ń rà á pẹ̀lú ẹni tó wà ní Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ń sọ ti ọkọ̀ ilẹ̀. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kì í mu omi ọ̀sà o, bẹntiróòlù ló ń mu, wọ́n á tún po ọ́ìlì mọ́ ọn. Àwọn apẹja tó ń gbé ẹja wá fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń jáde lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì báyìí. Ẹnì kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà, ti gbé ẹ́ńjìnì wọ yàrá, ó ti padà sídìí àjẹ̀. Níbo ni àjẹ̀ lè gbé èèyàn dé? Ibi tó lè dé yẹn, ẹja ti tán níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn oníbàárà mi wá ń ní mo ti di ọ̀kánjúà.

Èmi ò mọ dídá iye tàbí àìdá iye. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé tí ẹni tí igi ń so sí lójúde ń ra èso níye tí ará ọ̀nà jíjìn ń rà á.

Akóríkọ́ta_Sábó · 8:24

Èmi ti ra kẹ̀kẹ́ ológeere o. Ẹ bá mi yọ̀. Wọ́n jí i lánàá.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 9:05

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ojú mi ti rí nǹkan.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2012, bí a ṣe ń kí ara wa kú ọdún tuntun ni epo kúrò ní ₦65 tó di ₦141. A lọ ṣe ìwọ́de ní Òjótà, ní pápá Gani Fawehinmi, èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹsẹ̀ rìn láti Máìlì 12. Ọjọ́ 16 oṣù yẹn wọ́n dá a padà sí ₦97. A jó, a ní a ti borí. Oṣù karùn-ún 2016, ó di ₦145. Ìwọ́de ọdún yẹn ò tilẹ̀ gbéra dáadáa tó fi kú. Ohun tí mo rí nínú gbogbo ẹ̀ ni pé iye tí ìjọba bá fọwọ́ ara ẹ̀ dá, ìbò ni wọ́n ń fi ṣírò ẹ̀. Wọ́n á dì í mú, wọ́n á dì í mú, títí apá wọn ò fi ní ká a mọ́, á wá já lu gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ààrẹ Nixon dá iye lé ọjà ní Amẹ́ríkà ní 1971. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá wá dáwọ́ epo títà fún wọn dúró ní oṣù kẹwàá 1973, ìlà ilé epo wọn gùn bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó dé ibi tó jẹ́ pé láwọn ìpínlẹ̀ kan, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára ọkọ̀ rẹ ló máa sọ ọjọ́ tí wàá ra epo. Àṣẹkù ìdáyelé yẹn ń bá wọn fà á títí di oṣù kìíní 1981 tí Ààrẹ Reagan fi mú un kúrò.

Ẹlẹ́ja, ìbéèrè rẹ dáa. Láti 1975 ni owó kan ti wà tí wọ́n fi ń san owó gbígbé epo lọ ọ̀nà jíjìn, kí ará Maiduguri lè rà á níye tí ará Èkó ń rà á. Nígbà tí ìjọba ń dá iye, ìwọ tó o wà létí omi lò ń bá ẹni tó wà lókè ọya san owó táńkà. Báyìí tí wọ́n ti fi sílẹ̀, NNPC ń tà á ní ₦998 l'Ékòó, ó jẹ́ ₦1,030 ní Àbújá. Ìyàtọ̀ ti wà, ó kàn jẹ́ pé kò tíì dé Ẹ̀pẹ́ lọ́tọ̀ ni.

Ẹ sì rántí pé òfin epo tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2021 ti ní ọjà ni kó máa dá iye.

Awakọ̀_Ìjẹdẹ · 9:22

Tíṣà, mo fọ̀wọ̀ wọ̀ yín sà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò wọlé sí mi létí. Ẹ ní iye tí ìjọba ń dá ló ń fa ìlà. Ó dáa. Wọn ò dá iye mọ́ báyìí, ìlà tí mo tò lánàá ńkọ́, ta ló fà á? Wákàtí méjì ààbọ̀. A wá ní ìlà, a tún ní ọ̀wọ́n. Tẹ́lẹ̀ ó kéré tán ìyà kan ló ń jẹ wá lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ_Àgbádárìgì · 9:40

Àbúrò, ìlà tó o tò, ṣe bí ilé epo tó ń tà á ní ₦998 lo tò ó sí? Ilé epo ₦1,050 kò ní ìlà. Ìwọ fúnra ẹ ló fi wákàtí méjì ààbọ̀ ra ₦52 orí lítà kan. Níbi tí iye bá ti rẹlẹ̀ ju ti ẹnìkejì, ibẹ̀ ni gbogbo ayé máa sáré lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí ìjọba ní ₦185, ṣé ₦185 lo ń rà á? Mo mọ ẹni tó rà á ní ₦400 lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó jẹ́ pé bó ṣe dé ilé ni ọkọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Awakọ̀_Ìjẹdẹ · 9:44

₦52 orí lítà 30, ₦1,560 nìyẹn. Èmi mọ nǹkan tí ₦1,560 jẹ́ nílé mi. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ_Àgbádárìgì · 9:47

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Má bínú. Òótọ́ lo sọ.

Bọ̀dá_Nàìróbì · 10:15

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, Ìsẹ̀lẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ló gbé mi dé Kenya. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí torí mo rí i pé ẹ ń lérò pé nǹkan méjì ló wà, yálà kí ìjọba san owó ìrànwọ́ tàbí kí olúkúlùkù máa tà á bó ṣe wù ú. Ìkẹta wà. Àjọ kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní EPRA, ní gbogbo ọjọ́ 14 oṣù ni wọ́n ń kéde iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà kọjá, iye yẹn ló máa wà títí di ọjọ́ 14 oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á ṣírò iye tí epo fi wọlé, iye dọ́là, owó orí, èrè ọlọ́jà, wọ́n á sì gbé ìṣirò náà síta. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀. Mombasa tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já a, tibẹ̀ kéré sí ti Nairobi. Ẹlẹ́ja, ṣé ẹ gbọ́ o.

Kò túmọ̀ sí pé ó pọ́ọ́kú. Lọ́dún tó kọjá ó kọjá ṣílè 200 lórí lítà kan, igbe ò kéré. South Africa náà, ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tiwọn ń yí padà. Àmọ́ kò sí pé mo sùn, mo jí, ó ti di nǹkan míì. Awakọ̀ lè mọ iye tó máa gbà lọ́wọ́ èrò fún odidi oṣù kan.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 10:31

Èyí dára. Ṣùgbọ́n dọ́là ńkọ́, ọmọ mi? Nǹkan bíi ₦470 ni kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ó ti ń lọ sí ₦1,600 báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí wọ́n ní àwọn á máa ta epo rọ̀bì fún Dangote ní náírà, ṣùgbọ́n iye dọ́là ọjọ́ náà ni wọ́n ó fi ṣírò náírà ọ̀hún. Tí àjọ yẹn bá sì ní kó kéré ju bí ìṣirò ṣe wí lọ torí ìbò ń bọ̀, a ti padà sí Òjótà nìyẹn.

Mo_Ti_Ta_Epo_Rí · 11:08

Láti àárọ̀ lẹ ti ń jà lórí iye, ẹ ò tíì bi ara yín pé iye kí ni. ₦998 fún kí ni? Lítà? Ta ló sọ fún yín pé lítà ni wọ́n ń rọ sínú táńkì yín?

Mo ta epo fún ọdún méjì ní ilé epo kan ní ìhà Odogúnyàn, mi ò ní dárúkọ. Tá a bá ti ti géètì lálẹ́, ọkùnrin kan máa ń wá, á ṣí ikùn pọ́ǹpù, á fi irin kékeré kan yí nǹkan níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, mítà á máa sáré ju epo lọ. Àwa tá a wà nídìí pọ́ǹpù mọ ojú tó dáa àti ojú tí ò dáa, tí ìbátan wa bá wá ra epo, a máa ń ṣẹ́jú sí i pé kó lọ sí ti òdìkejì. Nígbà tí ìjọba ní ₦165 ni, ₦165 gàgàrà la kọ sójú pátákó, ẹni tó bá wá yẹ̀ wá wò á wo pátákó, á máa lọ. Ẹ lè dá iye lé e bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, maníjà ò ní bá yín jiyàn. Mítà ló máa lọ bá sọ̀rọ̀.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́ · 11:15

Háà! Kọ́ńgò alágàárì tí wọ́n ti ìdí ẹ̀ wọnú nìyẹn!

Mo_Ti_Ta_Epo_Rí · 11:17

Òun gan-an ni, ìyá wa. Ti epo ò ṣe é fojú rí ni.

Onígbàjámọ̀_Agric · 11:26

Ẹ dúró ná. Èmi inú kẹ́ẹ̀gì ni mo máa ń rà á sí, mo lè wò ó. Mo ní kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ 10 sí lára. Tí mítà bá sọ 10 tí kò sì kún, mo ti mú wọn nìyẹn.

Mo_Ti_Ta_Epo_Rí · 11:33

Rárá o, kẹ́ẹ̀gì yẹn á tàn yín. Èyí tí wọ́n kọ 10 sí lára máa ń gbà ju 10 lọ, àwọn ilé epo mọ̀, òun ni wọ́n fi ń bá yín jà pé kẹ́ẹ̀gì yín ló tóbi. Ẹ ra omi oníke lítà kan ààbọ̀ mẹ́fà, ẹ tún ra ìdajì lítà méjì, èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, 10 géérégé nìyẹn. Ibi tí omi bá dé, ẹ fi páńtì èékánná fa ìlà síbẹ̀. Kí ẹ wá da omi náà nù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ ṣáká kẹ́ ẹ tó lọ. Tí ìyàwó yín bá bèèrè páńtì ẹ̀, mi ò sí níbẹ̀ o.

Akóríkọ́ta_Sábó · 11:36

Ẹ máa da omi yẹn sínú kúlà, ẹ jọ̀ọ́. Omi náà ti wọ́n.

Onígbàjámọ̀_Agric · 6:52 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Mo fa ìlà bẹ́ ẹ ṣe wí, ìyàwó mi sì ti mọ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé epo ₦1,050 tí mo ti ń bú láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, mo fún ọmọ náà ní ₦200, wọ́n wá ń rọ ọ́. Mítà sọ 10, mo gbé e sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó dé orí ìlà. Ojú tì mí díẹ̀.

Mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì míì, mo dúró kí ti àkọ́kọ́ gbẹ, mo gba ilé epo kejì lọ, ọ̀nà Ògólóńtò, àwọn tó ń tà á ní ₦1,010 tí ọkọ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí èèrà. ₦200 kẹ́ẹ̀gì, ó tún lọ. Mítà 10. Kò dé ìlà, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo délé mo fi ike omi bu epo láti inú ti àkọ́kọ́ kún un títí tó fi dé ìlà: ìdajì lítà méjì ló gbà. Lítà mẹ́sàn-án ni wọ́n rọ fún mi, mo san ₦10,100. Ẹ pín in. ₦1,122 lórí lítà kan. Èyí tó wọ́n ló pọ́ọ́kú, èyí tó pọ́ọ́kú ló wọ́n, orí mi ń fọ́.

Mo padà lọ bá maníjà, ó ní oòrùn ló fa epo náà gbẹ lójú ọ̀nà.

Ọmọ_Àgbádárìgì · 7:01

Oòrùn! Lítà odidi! Oòrùn tó ń ṣe fàyàwọ́ nìyẹn.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 7:10

Onígbàjámọ̀, o ṣeun. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ òfin láti àárọ̀, mi ò ronú kan ìyẹn. Kí ìjọba má dá iye, mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣe nǹkan tí a lè fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà, ọjọ́ tí ọjà ti wà ni ẹni tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n ti wà. Òfin 2021 yẹn kan náà dá NMDPRA, àjọ tó ń ṣọ́ títà epo, sílẹ̀, yíyẹ pọ́ǹpù wò wà nínú iṣẹ́ wọn. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́, aago, pọ́ǹpù wo, kí o ya fọ́tò kẹ́ẹ̀gì àti rìsíìtì, èmi á bá ọ kọ lẹ́tà náà. Mo ṣì ní ìwé àti gègé.

Awakọ̀_Ìjẹdẹ · 7:18

Ẹ̀gbọ́n, ilé epo kejì yẹn, lọ́nà Ògólóńtò, ṣé èyí tí pọ́ǹpù mẹ́rin wà níbẹ̀, tí obìnrin kan ń ta bọ́ọ̀lì níwájú ẹ̀?

Onígbàjámọ̀_Agric · 7:20

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ mo jẹ bọ́ọ̀lì.

Awakọ̀_Ìjẹdẹ · 7:23

Yéè! Yàtọ̀ sí ti NNPC tí mo tò sí lánàá, ibẹ̀ ni mo ti ń ra 30 lójoojúmọ́ láti ọdún tó kọjá. Lójoojúmọ́! Mo tún ń tò sí ìlà fún wọn. Mi ò tíì yí ohùn padà lórí iye o, kí ìjọba dá a, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọ ìlà yẹn kúrò lára kẹ́ẹ̀gì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Onígbàjámọ̀_Agric · 7:25

Ó ti gbẹ, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. ₦200 kẹ́ẹ̀gì dọwọ́ ẹ o.